Ohun Ìfọwọ́ Mẹ́ta Tí Mo Fi Owó Ara Mi Dán Wò ní Ìbàdàn

Ẹni tó bá ti jẹ àmàlà rí ní búkà kan ní Ìbàdàn mọ abọ́ omi ìfọwọ́. Abọ́ ike kékeré ni. Wọn a gbé e sórí tábìlì kí oúnjẹ tó dé, oníbàárà àkọ́kọ́ a ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, a gbọn omi ọwọ́ dànù, a sì tì í sọ́dọ̀ ẹni tó jókòó tì í. Kí abọ́ náà tó dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹrin, omi inú rẹ̀ ti dúdú. Ọdún mọ́kànlá gbáko ni mo fi gbé irú abọ́ yìí síwájú àwọn tó ń jẹun lọ́dọ̀ mi ní agbègbè Mọ́kọ́lá, n kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀, nítorí pé bí ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ ṣe ń ṣe é nìyẹn, bí gbogbo àwọn tí a jọ ń ta oúnjẹ ládùúgbò ṣe ń ṣe é náà nìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan péré ló yí mi lọ́kàn padà. Lásìkò òjò ọdún kan, ìgbẹ́ gbuuru mú àbíkẹ́yìn mi, ó mú méjì nínú àwọn ọmọbìnrin tó ń bá mi ṣiṣẹ́, gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún. Mo gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan, mo sì ti ka gbogbo ohun tó jẹ sórí kí n lè sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó gbà wá kò béèrè ohun tó jẹ. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti ń fọwọ́ nílé àti níbi iṣẹ́ yín?" Mo dáhùn pé a ní abọ́. Ó rọra ṣàlàyé fún mi, láìfi mí ṣe yẹ̀yẹ́, pé abọ́ tí ọwọ́ púpọ̀ ń wọ̀ kì í fọ ọwọ́ kankan mọ́, ńṣe ló ń pín ìdọ̀tí ọwọ́ ẹnì kan fún gbogbo àwọn yòókù. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wá ohun tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀ láìná owó tó lè ba òwò mi jẹ́. Mo ti ra méjì, mo ti fi ọwọ́ ara mi so ẹ̀kẹta, mo sì ti lo gbogbo wọn ju ọdún kan lọ. Mo wá rò pé ó tọ́ kí n kọ ohun tí ojú mi rí sílẹ̀, kí ẹni tó ní ilé oúnjẹ, ilé ìwé tàbí ilé tí ayálégbé kún inú rẹ̀ lè mọ èyí tó yẹ kó ná owó lé lórí.

Ohun méjì ni mo kọ́kọ́ ń wò lára ohun ìfọwọ́ èyíkéyìí kí n tó yìn ín. Èkíní ni pé kí omi máa ṣàn, kí èyí tó ti kan ọwọ́ ẹnì kan má tún kan ti ẹlòmíràn mọ́. Èkejì ni ọṣẹ. Omi nìkan kì í ṣí ọ̀rá kúrò lọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ inú ọ̀rá àti èérí ọwọ́ ni kòkòrò àrùn ń lẹ̀ mọ́. Ọṣẹ ló ń tú wọn sílẹ̀, ó sì tún ń ya awọ ọlọ́ràá tó bo àwọn kan lára wọn, bíi ti Kòrónà, omi tó ń ṣàn á wá gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ọṣẹ olóòórùn dídùn kò ju ọṣẹ dúdú tàbí ọṣẹ ìfọṣọ lọ nínú iṣẹ́ yìí. Àwọn elétò ìlera ní kí a fi ọṣẹ ra ọwọ́ fún 20 ìṣẹ́jú àáyá, kó dé ẹ̀yìn ọwọ́, àárín ìka àti abẹ́ èékánná. Èékánná ni èmi tẹnu mọ́ jù fún àwọn ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́, torí abẹ́ rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ẹran máa ń sá pamọ́ sí. Ẹni tó bá sì rò pé sánítáísà lè ṣe iṣẹ́ yìí ní ilé àmàlà, kó rántí pé kì í ṣiṣẹ́ dáadáa lórí ọwọ́ tó ti kún fún epo.

Àwọn olùwádìí tó ti tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yìí ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ rí i pé níbi tí wọ́n bá ti ń fi ọṣẹ fọwọ́ déédéé, ìgbẹ́ gbuuru máa ń dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá. Fún ìyá ọmọ, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n "déédéé" yìí gan-an ni ìṣòro wa. Nígbà tí Ebola wọ Èkó ní oṣù Keje ọdún 2014, kò sí ẹni tí kì í fọwọ́ ní Ìbàdàn níhìn-ín. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún náà pé àrùn náà ti kúrò ní Nàìjíríà, a fi ọṣẹ sílẹ̀. Kòrónà dé ní 2020, a tún sáré mú un. Ẹ̀rù lọ, a tún gbàgbé. Bẹ́ẹ̀ ìgbẹ́ gbuuru kò lọ síbì kan láàárín méjèèjì. Ohun ìfọwọ́ tí mo ń wá ni èyí tí omi àti ọṣẹ yóò wà nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹ̀rù kò ba ẹnikẹ́ni, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ó ti rẹ gbogbo wa. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fi wọn àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Garawa oní-táàpù ni mo kọ́kọ́ rà, ní ìsọ̀ oníke kan ní Ògùnpa. Garawa ike lítà 25 ni, ó ní ìdérí, wọ́n ti dá ihò sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì ti de táàpù mọ́ ọn. ₦7,000 ni mo san fún un. Mo ní kí wẹ́dà àdúgbò wa ṣe pẹpẹ irin kan tí yóò gbé e dé ìwọ̀n ìbàdí, ìyẹn sì gba ₦9,500, mo wá gbé garawa àtijọ́ kan sábẹ́ rẹ̀ láti máa gba omi ìdọ̀tí. Gbogbo rẹ̀ kò tó ₦17,000 lọ́jọ́ tí mo rà á.

Àwọn ará Gánà ń fi orúkọ obìnrin kan pe irú garawa yìí, Veronica Bekoe, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ọmọ orílẹ̀-èdè náà, tó ṣe é ní ọdún 1993. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò máa ń ṣan ọwọ́ nínú abọ́ kan náà lẹ́yìn iṣẹ́, ó sì wá ọ̀nà tí omi yóò fi máa ṣàn sí wọn lọ́wọ́ níbi tí páìpù kò sí. Nígbà tí mo gbọ́ ìtàn yìí, ńṣe ni mo jókòó. Abọ́ orí tábìlì mi ni obìnrin náà rí, ní ọdún tí èmi ṣì wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Garawa yìí ṣe iṣẹ́ tí mo rà á fún. Àwọn oníbàárà kò nílò àlàyé kankan, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń yí táàpù. Ó ṣe é gbé, ó ṣe é fọ, bí ó bá sì bàjẹ́, ohun tí a ó fi tún un ṣe wà ní gbogbo ọjà. Àbùkù rẹ̀ náà kò kéré, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá fẹ́ rà á mọ̀ wọ́n ṣáájú. Táàpù ike tí wọ́n máa ń fi sí i kò lágbára. Wásà rẹ̀, ìyẹn rọ́bà kékeré tó ń dí omi nínú rẹ̀, ti ń jò kí oṣù kejì tó pé, omi tó ń kán sílẹ̀ láti òwúrọ̀ di ẹrẹ̀ lọ́nà ibi tí àwọn ènìyàn ń gbà wọlé. Ibi tí wọ́n de táàpù mọ́ sì ga díẹ̀ ju ìsàlẹ̀ garawa lọ, tó fi jẹ́ pé omi díẹ̀ kì í lè jáde láé, ìyẹn ló máa ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ bí a kò bá da á nù ní alaalẹ́. Ní ọjọ́ méjì tí ọmọ iṣẹ́ mi gbàgbé láti dé e, a bá tanwíjí nínú rẹ̀.

Àbùkù tó jẹ mí lógún jù ni ti ọwọ́ táàpù. Ọwọ́ ìdọ̀tí ló ń ṣí i, ọwọ́ tó ti mọ́ ló sì ń tì í. Mo bi nọ́ọ̀sì wa, ó ní kí a máa fi ọṣẹ pa ọwọ́ táàpù pọ̀ mọ́ ọwọ́ wa nígbà tí a bá ń ra ọwọ́, kí a sì bu omi sí i kí a tó tì í. A ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí garawa kejì máa fi di rírà, mo yan èyí tí ọwọ́ táàpù rẹ̀ gùn bí ìka, tí ènìyàn lè fi ẹ̀yìn ọrùn ọwọ́ gbé sókè. ₦1,500 ni mo fi lé owó rẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ rárá.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni èyí onírin tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kò sí ẹni tí kò rí i ní 2020, lẹ́nu ọ̀nà báńkì, mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì. Mo fẹ́ràn èrò tó wà nídìí rẹ̀ gidigidi: ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi ń ṣí omi, ẹsẹ̀ ló fi ń tẹ ọṣẹ, ọwọ́ kò ní kan ohun tí ọwọ́ ẹlòmíràn kàn. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí wẹ́dà kan ṣe ọ̀kan fún mi nígbà tí owó yọ díẹ̀. ₦65,000 ni ó gbà. Wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ ló fi so ìtẹ̀sẹ̀ mọ́ táàpù, sípíríǹgì kan ló sì ń dá a padà.

Kí n má parọ́, ó gbé iyì ilé oúnjẹ mi ga. Àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì tí wọ́n máa ń gbé oúnjẹ lọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó jẹ ẹ́. Omi rẹ̀ ń jáde ní ìwọ̀nba, nítorí bí ẹsẹ̀ bá ti kúrò, omi ti dúró, tó fi jẹ́ pé lítà 25 tó ń tán ní aago kan ọ̀sán nínú garawa mi ń dé aago mẹ́ta nínú ti onírin. Ṣùgbọ́n kò pé oṣù méjì tí ìtẹ̀sẹ̀ ọṣẹ fi kú. Ọṣẹ olómi nípọn, ó dì sẹ́nu ihò rẹ̀, àwọn oníbàárà sì ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ títí wáyà fi já. Wẹ́dà wá lẹ́ẹ̀méjì, ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀méjì, ó tún já. Láti ìgbà náà ni mo ti so ọṣẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú okùn, tí mo sì gbàgbé ìtẹ̀sẹ̀ kejì. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí níbi tí omi ń dà sí, ìpáàrà sì ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ó tún ga ju ohun tí ọmọ ọdún mẹ́fà lè dé. Ọmọ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kan ìtẹ̀sẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kò ní dé táàpù. Wẹ́dà tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣe ìpele kékeré kan sí iwájú rẹ̀ fún àwọn ọmọdé, kí ẹ sì fi páìpù ike sí ibi tí omi ń gbà jáde dípò irin.

Mo máa ń wo àwọn onírin tí wọ́n rà ní 2020 nígbà tí mo bá ń kọjá káàkiri ìlú. Ọ̀pọ̀ wọn ṣì dúró. Omi kò sí nínú wọn. Mo ti rí èyí tí táàpù rẹ̀ ti lọ, mo ti rí èyí tí wọ́n ń so ewúrẹ́ mọ́. Irin wọn kò kú, ẹni tí yóò máa pọn omi sí wọn ni kò sí.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni ó gba ọkàn mi, owó rẹ̀ ló sì kéré jù. Kẹ́ẹ̀gì ni. Mo kọ́kọ́ rí i ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí àbíkẹ́yìn mi ń lọ, níbi tí olùkọ́ kan ti bẹ̀ wá, àwa òbí, pé kí a mú kẹ́ẹ̀gì epo lítà 5 tó ti ṣófo wá. Wọ́n ri igi méjì tí orí wọn pín sí méjì mọ́lẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá kan dábùú wọn, wọ́n sì fi okùn so kẹ́ẹ̀gì rọ̀ sára ọ̀pá náà láti etí rẹ̀. Wọ́n fi ìṣó tí wọ́n ti yan nínú iná lu ihò kan ṣoṣo sí iwájú kẹ́ẹ̀gì, nísàlẹ̀ ọrùn. Wọ́n wá de okùn mìíràn mọ́ ọrùn kẹ́ẹ̀gì náà, wọ́n so ìsàlẹ̀ okùn yìí mọ́ igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó fi orí lélẹ̀. Bí ọmọ bá tẹ igi náà, ọrùn kẹ́ẹ̀gì á tẹ̀, omi á tú jáde wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, kẹ́ẹ̀gì á padà síbi tó wà. Lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gbẹ́ kòtò kékeré, wọ́n kó òkúta wẹ́ẹ́rẹ́ sí i kí omi lè máa mu wọlẹ̀ kí ibẹ̀ má di ẹrẹ̀. Ọṣẹ wà nínú àwọ̀n àlùbọ́sà tí wọ́n so rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, agolo mílíìkì kan sì bò ó lórí nítorí òjò.

Orílẹ̀-èdè Zimbabwe ni irú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1980 sí i, akèrègbè ni wọ́n sì kọ́kọ́ lò kó tó di kẹ́ẹ̀gì. Àwa tí àwọn ìyá wa fi akèrègbè gbé omi àti ẹmu rí kò gbọdọ̀ sọ pé ohun àjèjì ni.

Mo lọ sí ilé ìwé náà ní àkókò ìjẹun, mo sì dúró ka àwọn ọmọ. Kẹ́ẹ̀gì kan tó kún fọ ọwọ́ ọmọ mẹ́tàlélógójì kí omi rẹ̀ tó tán. Ẹ bá mi fi wé táàpù garawa mi, tí lítà 25 kò fi ń tó ọgọ́rùn-ún ènìyàn nígbà tí wọ́n bá ṣí i sílẹ̀ tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé ó dà bí eré. Wọ́n ń tò sí ìlà láti tẹ igi náà, kò sí olùkọ́ tó ń fi ẹgba lé wọn. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá, tó jẹ́ Ọjọ́ Ìfọwọ́ Àgbáyé láti ọdún 2008, àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin ló kọ́ àwa òbí bí a ṣe ń ṣe é. Nílé ni mo ti so tèmi lọ́jọ́ kejì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣáláńgá. Kẹ́ẹ̀gì kò ná mi ní nǹkan kan, okùn àti ìṣó gba ₦800, igi wà lẹ́yìnkùlé.

Kì í ṣe pé kò ní àbùkù. Oòrùn ń jẹ okùn ike rẹ̀; lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni mo ń pààrọ̀ tèmi. Ikán jẹ ẹsẹ̀ igi kan ní ilé ìwé, tó fi wó lulẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀, a dúpẹ́. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń fi epo ọkọ̀ tó ti di dúdú ra ìdí igi kí wọ́n tó rì í. Yanrìn ń dí ihò rẹ̀ bí ó bá jẹ́ omi kànga. Ó kéré, nítorí náà ó ń tán kíákíá níbi tí ènìyàn bá pọ̀, kẹ́ẹ̀gì kan kò lè tó fún ilé ìwé. Mẹ́fà ni wọ́n ní báyìí. N kò sì lè gbé e sí iwájú búkà mi, nítorí pé àgbàlagbà tó wọ agbádá kò ní dúró ti igi àti okùn. Mo ti gbìyànjú rẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí nǹkan ṣe.

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí gan-an ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, nítorí pé òun ló fẹ́rẹ̀ẹ́ mú gbogbo ètò mi dà rú. Nígbà tí mo kó abọ́ kúrò lórí tábìlì, àwọn ọ̀dọ́ kò janpata. Wọ́n dìde, wọ́n lọ fọwọ́ níbi garawa. Ṣùgbọ́n bàbá kan tó ti ń jẹun lọ́dọ̀ mi láti ìgbà tí mo ti dé Mọ́kọ́lá béèrè omi ìfọwọ́, ọmọ iṣẹ́ mi sì nawọ́ sí ìta. Bàbá náà kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ìyá Olóńjẹ, ṣé èmi ni kí n wá dìde lọ bá omi?" Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Láyé ìgbà tí wọ́n tọ́ mi, ọmọdé ló ń gbé omi tọ àgbà lọ.

Ọmọbìnrin kan tó ń bá mi ṣiṣẹ́, Mùsùlùmí ni, ló yanjú rẹ̀. Ó bọ́ sí ẹ̀yìn, ó mú búùtà tó fi ń ṣe àlùwàlá, ó bu omi sí i, ó fi abọ́ sábẹ́ ọwọ́ bàbá, ó sì ń rọra da omi sí wọn lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ọṣẹ ra á. Bàbá náà súre fún un kí oúnjẹ tó dé. Mo wò ó títí. Omi tó ń ṣàn ti wà nínú ilé wa láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀pọ̀ mọ́ṣáláṣí tó wà ní Ìbàdàn yìí ló ní búùtà nínú, Mùsùlùmí kì í sì í sábà fi omi tí ẹlòmíràn ti fi ṣe àlùwàlá ṣe tirẹ̀. Abọ́ kan náà tí mo kó kúrò lórí tábìlì ló padà wá, àmọ́ ìsàlẹ̀ ló wà báyìí, omi ìdọ̀tí ló ń gbà. Mo ra búùtà ike méjì ní ₦1,200 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè lọ́wọ́ mi pé èwo ni kí olóúnjẹ tí kò ní owó kọ́kọ́ rà lọ́la, búùtà ni n ó sọ, kó tó kan garawa.

Ohun tó kù ni omi fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ omi kì í yọ ní àdúgbò wa, ọ̀dọ̀ mẹ́ruwà àti oníbọ́ọ̀hóòlù ni a ti ń rà á, nítorí náà gbogbo ìgbà tí mo bá sọ fún àwọn olóúnjẹ ẹlẹgbẹ́ mi pé kí wọ́n ra garawa, iye tí omi ń gbà ni wọ́n ń kà fún mi. Mo ṣe ìṣirò rẹ̀ fún oṣù kan gbáko. Omi ìfọwọ́ àwọn oníbàárà mi kò tó ìdá kan nínú mẹ́jọ omi tí a fi ń fọ abọ́ àti ìkòkò. Ọṣẹ ló jẹ́ ìnáwó tó pọ̀, nítorí pé wọ́n ń gbé e lọ, títí mo fi dẹ́kun gbígbé odidi ọṣẹ sílẹ̀. Ohun tí mo ń ṣe báyìí ni pé mo ń po ọṣẹ ìfọṣọ lẹ́búlẹ́bú, sáṣẹ́ẹ̀tì kan, mọ́ omi nínú ìgò ike lítà 1.5, mo dá ihò kékeré sí ìdérí rẹ̀, mo sì so ó mọ́ irin. Ẹ̀ẹ̀kan tí ènìyàn bá fún ìgò náà ti tó ọwọ́ méjèèjì. Sáṣẹ́ẹ̀tì kan ń lo ọjọ́ méjì, kò sì sí ẹni tó jí ìgò ọṣẹ rí.

Ọmọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ tirẹ̀ tó fi ń ṣe olùtọ́jú omi. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí garawa kún ní aago méje àárọ̀, kí ó wò ó ní aago méjìlá àti aago mẹ́rin, kí ó da èyí tó kù nù lálẹ́, kí ó sì fi kànrìnkàn fọ inú rẹ̀. Mo kọ orúkọ wọn sára ògiri. Kí ètò yìí tó wà, mo ti rí garawa mi ní gbígbẹ lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ kan, àwọn oníbàárà sì ń wò ó, wọ́n ń kọjá.

Ibi tí a gbé e sí tún ṣe pàtàkì ju bí mo ṣe rò lọ. Ẹnu géètì ni mo kọ́kọ́ gbé ti onírin sí, nítorí pé ó lẹ́wà níbẹ̀. Àwọn tó ń bọ̀ láti ilé ìyàgbẹ́ kì í gba ibẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo gbé e wá sí àárín ilé ìyàgbẹ́ àti ilé ìdáná, tó jẹ́ pé ẹni tó bá jáde kò lè padà sídìí ìkòkò láìkọjá níwájú rẹ̀, ni àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tó ń fọwọ́ láìjẹ́ pé mo pariwo. Nílé náà, kẹ́ẹ̀gì ẹ̀gbẹ́ ṣáláńgá ló ń ṣiṣẹ́ jù, lẹ́yìn tí ìyàwó ọmọ mi bá ti nu ìdí ọmọ rẹ̀ àti kí ó tó fún un lóúnjẹ.

Mo ṣì ní àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì ń lo gbogbo wọn. Fún ilé oúnjẹ, garawa oní-táàpù pẹ̀lú búùtà méjì ni mo fọwọ́ sí. Fún ilé ìwé àti ẹ̀yìnkùlé, kẹ́ẹ̀gì ni, kí wọ́n so ju ẹyọ kan lọ. Èyí onírin dára fún ibi tí ènìyàn ti pọ̀ tí owó sì wà fún àtúnṣe rẹ̀. N kò ní gba olóúnjẹ kékeré nímọ̀ràn pé kó yá owó rà á. Ẹni tó bá lọ ra garawa ní Ògùnpa, kí ó bu omi sí i níbẹ̀ kí ó tó sanwó, kí ó fi ọwọ́ kan abẹ́ táàpù bóyá ó ń rin, kí ó sì ra wásà méjì pọ̀ mọ́ ọn lọ́jọ́ kan náà. ₦100 ni mo ra ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà náà, mo sì ń tọ́jú tèmi sínú àpótí owó, nítorí pé ọjọ́ Sátidé tí ènìyàn pọ̀ jù ni èyí tó wà nínú táàpù sábà máa ń yàn láti gé.